Bẹ́ ẹ ṣe lè ra kọ́ìn àtijọ́ ní gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì kówó yín má bàa gbé

Sẹ́kọ́ńdù mẹ́sàn-án ló kù. Mo ti sọ fúnra mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé mi ò ní kọjá 90 dọ́là lórí dọ́là Morgan kan, kọ́ìn fàdákà àtijọ́ ti Amẹ́ríkà, àmọ́ ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí ṣáà ń fowó lé e, mo tẹ 100, ó tẹ 105, mo tẹ 120, ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n lórí fóònù, nígbà tí aago fi máa kú mo ti rà á ní 140, mo wá fò sókè bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ọjọ́ kejìlá ló dé. Mo gbé e sábẹ́ iná báyìí, mo rí i pé wọ́n ti fi nǹkan bó o, ó ń dán bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yanrìn fọ̀. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi o. Fọ́tò ẹ̀ wà níwájú mi fún odindi ọjọ́ méje, àmì bíbó yẹn sì wà nínú fọ́tò, èmi ni mi ò wò ó.

Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ kọ èyí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ra kọ́ìn tí wọ́n ń kó jọ, ti fàdákà ni o, ti wúrà ni o, ti bàbà lásán ni o. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú ni pé nígbà tí aago bá fi máa ka sẹ́kọ́ńdù tó kẹ́yìn, iṣẹ́ yín ti yẹ kó ti parí. Tẹ́ ò bá tíì mọ nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ rà àti iye tẹ́ ẹ máa san kọ́jọ́ yẹn tó pé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi bọ́tìnì yẹn sílẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má dojú kọ gbogbo kọ́ìn ayé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú oríṣi kan, kẹ́ ẹ kọ́ ọ títí tẹ́ ẹ fi máa mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó, ẹ ẹ̀ rí i pé òwe yẹn bọ́ sí i gan-an. Tèmi ni dọ́là Morgan ti Amẹ́ríkà, wọ́n rọ ọ́ láti 1878 dé 1904, wọ́n tún rọ ọ́ ní 1921. Ó wọn 26.73 gíráàmù, ìbú ẹ̀ jẹ́ mìlímítà 38.1, ìdá 90 nínú 100 ẹ̀ ni fàdákà, ìyókù bàbà. Tẹ́ ẹ bá yí i sẹ́yìn, ibi tí ẹyẹ idì wà, ẹ wo ìsàlẹ̀ ewé tí wọ́n so, lókè ibi tí D àti O ti pàdé nínú ọ̀rọ̀ DOLLAR, ẹ máa rí lẹ́tà kékeré kan tó ń sọ ìlú tí wọ́n ti rọ ọ́. S ni San Francisco, O ni New Orleans, CC ni Carson City, D ni Denver tó jẹ́ pé nínú àwọn àtijọ́, 1921 nìkan ló ní in, tí kò bá wá sí lẹ́tà kankan, Philadelphia nìyẹn. Lẹ́tà bíńtín yẹn lowó wà! Ti 1893 tó ní S, 100,000 péré ni wọ́n rọ, èyí tó ti gbó pàápàá ń wọ ẹgbẹ̀rún dọ́là mélòó kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n rọ ní 1921 ò fi bẹ́ẹ̀ ju iye fàdákà tó wà nínú ẹ̀ lọ. Ṣé ẹ wá rí ìdí táwọn jàǹdùkú fi ń lẹ S mọ́ 1893 tí kò ní lẹ́tà? Ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe sí sẹ́ńtì Lincoln 1909-S VDB (VDB ni lẹ́tà orúkọ ẹni tó yà á), tí wọ́n rọ 484,000 ẹ̀, àti dáìmù Mercury, ìyẹn sẹ́ńtì mẹ́wàá, 1916-D, tí ò ju 264,000 lọ. Tẹ́ ẹ bá mọ ìrísí lẹ́tà yẹn àti ibi tó yẹ kó wà, ẹni tó lẹ̀ ẹ́ máa ní láti ṣiṣẹ́ gan-an kó tó lè fi tàn yín.

Ibo lẹ ti máa rí ìmọ̀ yẹn? Ọ̀fẹ́ ni. Sáìtì Numista ní kọ́ìn orílẹ̀-èdè gbogbo pẹ̀lú ìwọ̀n àti fọ́tò ẹ̀, PCGS CoinFacts sì ni ti Amẹ́ríkà, ó ń ṣàlàyé oríṣi kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi bí ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta kà á. Ẹ máa wo gbàǹjo bó ṣe ń lọ, kẹ́ ẹ má fowó kan nǹkan kan, ẹ kàn máa kọ iye tẹ́ ẹ rò pé ó máa kú sí sílẹ̀, tó bá kú kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá ẹ gbà á. Eré ni, àmọ́ mi ò mọ ilé ẹ̀kọ́ tó dáa tó o.

Àwọn ibi tí wọ́n ti ń tà á ò dọ́gba. eBay ni ọjà gbogbo ayé, ẹnikẹ́ni ló lè gbé ẹrù wá síbẹ̀, olóòótọ́ wà níbẹ̀, olè wà níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa fojú yín ṣà á. Àwọn ilé gbàǹjo bíi Heritage Auctions, Stack's Bowers àti GreatCollections ní Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ wọn ló ń yẹ kọ́ìn wò tó ń ya fọ́tò ẹ̀ kó tó jáde síta, ayédèrú ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, àmọ́ ẹ máa sanwó ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn, a máa dé ibẹ̀. Catawiki ti Netherlands wà láàárín méjèèjì, ẹni tó ni kọ́ìn ló ń tà á fúnra ẹ̀ àmọ́ wọ́n láwọn tó mọ iṣẹ́ tó ń wò ó kó tó bọ́ sọ́jà. Tó bá wá jẹ́ ti Róòmù àti Gíríìkì àtijọ́ lẹ̀ ń wá, ẹ lọ sí biddr àti NumisBids, ọ̀pọ̀ ilé gbàǹjo ló ń kó kátálọ́ọ̀gì wọn síbẹ̀. Ẹ béèrè ọwọ́ ẹni tó ti wà rí lórí àwọn yẹn o, kẹ́ ẹ gba ìwé ẹ̀ pa mọ́, torí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló fòfin de kíkó nǹkan tí wọ́n wú nílẹ̀ jáde, kọ́sítọ́ọ̀mù sì lè gbẹ́sẹ̀ lé e.

Ó yá, ọ̀rọ̀ fọ́tò. Fọ́tò lẹ̀ ń rà, ìtàn kọ́. Ẹ máa ka ìtàn bíi "bàbá àgbà mi ló fi sílẹ̀, èmi ò mọ nǹkan kan nípa kọ́ìn, bí mo ṣe bá a ni mo ṣe ń tà á", ẹ máa káàánú ẹ̀, ẹ tún máa rò pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ. Ẹ tẹ orúkọ onítọ̀hún kẹ́ ẹ wo àwọn nǹkan tó ti tà. Ẹni tí ò mọ nǹkan kan nípa kọ́ìn ti ta irinwó láàárín oṣù mẹ́ta, bàbá àgbà ẹ̀ mélòó ló kú? Bákan náà làwọn tó ń ta kọ́ìn tí wọ́n wé sínú pépà, tí wọ́n á ní àwọn ò tú u wò rí láti ọgọ́ta ọdún, tó wá jẹ́ pé kọ́ìn tó jókòó lẹ́nu ẹ̀ gan-an ló ṣọ̀wọ́n jù. Wọ́n ti tú u. Àwọn ló fi í síbẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá ń wo fọ́tò, ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù títí táá fi dí bàìbàì. Kọ́ìn tí wọn ò tíì ná rí, tẹ́ ẹ bá yí i lábẹ́ iná, ìmọ́lẹ̀ á máa yí lójú ẹ̀ bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, àwọn tó mọ̀ ọ́n ń wá ìyẹn kí wọ́n tó wá nǹkan míì. Èyí tí wọ́n ti fi nǹkan bó, gbogbo ojú ẹ̀ á kàn funfun báláú lẹ́ẹ̀kan náà, ìmọ́lẹ̀ ò ní rìn níbẹ̀, ẹ máa wá rí ìlà tín-ín-rín bí irun tí gbogbo wọn dorí kọ ọ̀nà kan náà, àti ìdọ̀tí dúdú tó há sí ẹsẹ̀ lẹ́tà torí pé aṣọ tí wọ́n fi nù ún ò débẹ̀. Bíbó yìí kì í tán lára kọ́ìn, kò sógùn ẹ̀, ó lè gé ìdajì owó ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ fọ́tò ojú kan péré ni wọ́n gbé síta, tàbí tó bàìbàì, tàbí tí wọ́n yà á látọ̀ọ́kán, ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ń tà á, ẹ ní kó ya ojú méjèèjì àti etí ẹ̀, kó gbé e sórí síkéèlì kó ya ìyẹn náà. Olóòótọ́ máa ṣe é. Ẹni tó bá ń sọ pé kámẹ́rà òun bàjẹ́, ẹ kí i pé ó dàárọ̀. Ẹ tún mú fọ́tò yẹn wá a lórí Google, mo ti rí fọ́tò kọ́ìn kan náà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta tó wà ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan náà.

Àwọn kọ́ìn kan wà nínú ike tí wọ́n lẹ̀ pa, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lórí. Ilé tó ń fún kọ́ìn ní gírédì, ìyẹn máàkì tó ń sọ bó ṣe dáa sí, ló ṣe é, àwọn méjì tí gbogbo ọjà gbà ni PCGS tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1986 àti NGC tó tẹ̀ lé e ní 1987. 1 dé 70 ni gírédì wọn, ọ̀gbẹ́ni William Sheldon ló gbé òṣùwọ̀n yẹn kalẹ̀ ní 1949, 60 sókè ló jẹ́ pé wọn ò ná an rí. Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀rọ̀ náà "Details" lórí ike, ẹ dúró, kọ́ìn yẹn kì í ṣe ayédèrú àmọ́ ó lárùn, wọ́n ti bó o, tàbí wọ́n ti lu ihò sí i, tàbí nǹkan míì. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí kọ́ìn bá ti wọ́n ju 200 tàbí 300 dọ́là lọ, èrò tèmi ni kẹ́ ẹ ra èyí tó wà nínú ike PCGS tàbí NGC, kẹ́ ẹ gbàgbé pé èyí tí ò sí nínú ike ò wọ́n tó o. Àmọ́ ike náà ní ayédèrú! Ẹ tẹ nọ́ńbà tó wà lórí ẹ̀ sí sáìtì PCGS tàbí NGC, ọ̀fẹ́ ni, ẹ wo fọ́tò tó bá jáde. Ẹ má dúró níbi pé nọ́ńbà yẹn wà, torí wọ́n lè da nọ́ńbà kọ́ìn gidi kọ, ẹ wo àbàwọ́n kan pàtó, bí ojú ọgbẹ́ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú tàbí àwọ̀ tó ta sétí, kẹ́ ẹ rí i pé ó wà lórí méjèèjì. Ike tí orúkọ orí ẹ̀ ò bá jọ èyí tẹ́ ẹ gbọ́ rí, kẹ́ ẹ kà á sí pé kò sí níbẹ̀ rárá, ẹnikẹ́ni ló lè ra ike kó kọ 67 sí i.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ayédèrú díẹ̀ sí i torí pé àwọn kan dùn. Ní 1943, torí ogun, bàbà wọ́n, Amẹ́ríkà bá fi irin tí wọ́n pa síńkì lára rọ sẹ́ńtì ẹ̀, bíńtín tó ṣèèṣì jáde ní bàbà lọ́dún yẹn di olówó gọbọi. Kí ni wọ́n wá ń ṣe? Wọ́n ń pa bàbà sára ti irin. Ẹ gbé òòfà sí i, tó bá gbé e, ó parí. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ tún mú sẹ́ńtì 1948 tó jẹ́ bàbà lóòótọ́, wọ́n gé 8 kó di 3, òòfà ò lè rí ìyẹn, ojú lẹ máa fi rí i. Èkejì ni tálà Maria Theresa, kọ́ìn fàdákà ńlá ti ayaba Austria, tó ní 1780 lára. Ọdún tí ayaba yẹn kú ni 1780, wọn ò yéé rọ ọ́ látìgbà yẹn, Vienna rọ ọ́, London rọ ọ́, Bombay náà rọ ọ́, gbogbo wọn ni 1780 wà lára wọn. Fàdákà gidi ni o, ó wọn bíi gíráàmù 28, àmọ́ ẹni tó bá ń tà á fún yín pé ó ti lé ní igba ọdún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àná ni wọ́n rọ ọ́. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, kì í sì í ṣe òótọ́, ẹ sanwó fàdákà kẹ́ ẹ má sanwó ìtàn. Tó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, òfin kan wà níbẹ̀ láti 1973 pé kí wọ́n tẹ COPY sára kọ́ìn àfarawé, ẹni tó fẹ́ lù yín ní jìbìtì ò ní tẹ̀ ẹ́.

Owó wá kù. Iye tẹ́ ẹ bá rí pé wọ́n ń béèrè kì í ṣe iye tó ń tà. Lórí eBay ẹ lọ tẹ ibi tí wọ́n ti ń fi àwọn tó ti tà nìkan hàn, lórí Heritage ẹ forúkọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ wo àwọn tí wọ́n ti tà láti ọdún pípẹ́, ẹ mú márùn-ún mẹ́fà tí gírédì wọn bá ti yín mu, ẹ yọ èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù, ẹ wo àárín. Ẹ má jẹ́ kí ìròyìn da yín láàmú, bí ti ogún dọ́là wúrà 1933 tó lọ ní 18.9 mílíọ̀nù dọ́là ní New York ní 2021, ọjà yẹn kì í ṣe tiwa.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá yọ àwọn owó tó fara pamọ́. Ilé gbàǹjo ń gba owó lórí iye tẹ́ ẹ bá fi jẹ ẹ́, ọ̀pọ̀ ń gba bí ìdá 20 nínú 100, àwọn míì jù bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sínú òfin wọn, ẹ kà á. Owó ìfiránṣẹ́ wà níbẹ̀, ìnṣọ́ránsì wà níbẹ̀, tó bá ń ti orílẹ̀-èdè míì bọ̀, owó kọ́sítọ́ọ̀mù náà lè wà níbẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé: mo máa ń bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn. Ká ní gbogbo ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju 300 dọ́là lọ lọ́wọ́ mi, mo yọ 15 tí wọ́n máa fi gbé e wá, ó ku 285, mo fi 1.2 pín in torí ìdá 20 yẹn, ó jẹ́ 237 àti àbọ̀. Iye tí mo lè tẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe 300. Ẹni tó bá tẹ 300 níbẹ̀ máa san 375, á wá máa bi ara ẹ̀ pé báwo ló ṣe jẹ́.

Mo máa ń kọ nọ́ńbà yẹn sórí pépà, mo máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ fi mí rẹ́rìn-ín, ó ń ṣiṣẹ́.

Títẹ̀ ẹ́ gan-an wá rọrùn. Lórí eBay, iye tó ga jù tẹ́ ẹ lè san lẹ máa tẹ̀, kì í ṣe iye tó kàn, ẹ̀rọ á wá máa fi díẹ̀díẹ̀ jà fún yín. Tẹ́ ẹ bá tẹ 180 tí ẹlòmíì tẹ 120, 122.50 lẹ máa gbà á, 180 yín ò hàn sẹ́nikẹ́ni. Torí náà kí lẹ̀ ń kánjú tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ fún? Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Ajé fún gbàǹjo tó máa kú lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ti fún àwọn tó kù ní ọjọ́ mẹ́fà láti máa fi kékeré kékeré tọ́ yín wò títí wọ́n á fi mọ ibi tẹ́ ẹ wà. Èmi máa ń dúró di nǹkan bíi sẹ́kọ́ńdù mẹ́wàá ìgbẹ̀yìn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo máa ń tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà tí ò dọ́gba, bíi 181.37, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ń dúró sí 180 géérégé. eBay kì í fi àkókò kún un. Àwọn sáìtì míì ń fi ìṣẹ́jú kún un nígbàkígbà tẹ́nì kan bá tẹ̀ ẹ́ lópin, dídúró dìgbà yẹn ò wúlò níbẹ̀, ẹ kàn tẹ iye yín kẹ́ ẹ lọ sùn.

Ẹ tún máa ṣọ́ra fún àwọn tó ń fi ọ̀rẹ́ wọn gbé owó ga. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tí ò tíì ra nǹkan rí, tó jẹ́ pé ọjà ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń fowó lé, tó sì máa ń pòórá kó tó jẹ ẹ́, ẹ yáa kúrò níbẹ̀. Àti tẹ́ni tó ń tà á bá ránṣẹ́ sí yín pé kẹ́ ẹ jẹ́ káwọn parí ẹ̀ níta, pé òun máa dín in kù tẹ́ ẹ bá fowó ránṣẹ́ tààrà, ẹ má dá a lóhùn, ẹ fi ẹjọ́ ẹ̀ sùn. Owó tẹ́ ẹ bá san lẹ́yìn sáìtì, kò sẹ́ni tó máa bá yín gbà á.

Ó dé! Ẹ má fi ìdùnnú já a. Ẹ gbé fóònù dúró kó máa ka fídíò látìgbà tí ẹ̀ḿbílóòpù ṣì dì, kí àdírẹ́sì àti nọ́ńbà ìfiránṣẹ́ hàn. Ẹ di etí kọ́ìn mú, ẹ má fọwọ́ kan ojú ẹ̀, òróró ìka máa ń wọlé sí i lára. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí síkéèlì tó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún gíráàmù, ẹ wọn ìbú ẹ̀, ẹ gbé òòfà sún mọ́ ọn, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò tẹ́ ẹ fi rà á. Dọ́là Morgan tó bá wọn gíráàmù 24, mi ò fẹ́ gbọ́ àlàyé kankan. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fẹjọ́ sùn, eBay ń fún yín ní ọgbọ̀n ọjọ́ tó bá ti dé, àwọn ilé gbàǹjo míì ò fún yín tó bẹ́ẹ̀. Tó bá wà nínú ike, ẹ má fọ́ ike o, tẹ́ ẹ bá ti fọ́ ọ ẹ ò lè dá a padà mọ́. Tó bá sì dúdú tàbí tó ní àwọ̀ lára, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má mú ọṣẹ, ẹ má mú kànìnkànìn, ẹ má mú nǹkankan. Ẹ má tọ́jú ẹ̀ sínú àwọn náílọ́ọ̀nù rírọ̀ tó ní PVC, oríṣi ike kan, tó bá pẹ́ á pọ̀ nǹkan àwọ̀ ewé kan jáde táá jẹ kọ́ìn lára.

Dọ́là Morgan tí mo rà ní 140 yẹn, mi ò tà á. Mo gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, gbogbo kọ́ìn tó bá wọlé, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé e sí, màá máa yí méjèèjì pọ̀ lábẹ́ iná, èyí tí ìmọ́lẹ̀ bá yí lójú ẹ̀ ni mo máa ń fi sínú àpótí.